Omi Tí Wọ́n Fi Fọ Gbòǹgbò Apá

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ pé ó jí mi lónìí, pé ojú mi ṣì ríran débi tí mo fi lè kọ̀wé. Mo dúpẹ́ fún àwọn sístà tí wọ́n kọ́ mi ní ilé ìwé mísọ̀n ní Parakou, tí wọn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ bàbá mi ju àga tí ó kàn fún wọn lọ. Mo sì dúpẹ́ fún ìyá mi, tí ó kú sórí ibùsùn ara rẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ yí i ká. Àwọn kan fẹ́ kí ó kú bí àjẹ́. Ọlọ́run kò gbà fún wọn.

Inú ṣì ń bí mi. Mo ti gbàdúrà lórí rẹ̀ títí. Ọlọ́run mú ìkórìíra kúrò ní ọkàn mi, ṣùgbọ́n ó fi ìbínú sílẹ̀, mo sì rò pé ó ní ohun tí ó fẹ́ kí n fi ṣe. Bóyá ohun tí mò ń kọ yìí ni.

Ṣábẹ̀ ni àwọn òbí mi ti wá. Káfíńtà ni bàbá mi, àdúgbò Titirou ní Parakou ni a ń gbé, igi apá sì ni ó fẹ́ràn jù nínú gbogbo igi. Ó máa ń sọ pé ikán a máa kọ́kọ́ jẹ káfíńtà kí ó tó jẹ apá. Òun ni ó ṣe ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wa, apá ni ó sì fi ṣe é. Nígbà tí ó kú, ilẹ̀kùn náà ni a gbé òkú rẹ̀ gbà wọlé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn ológun tó ń ṣèjọba ní àwọn ti di ẹlẹ́gbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àgbẹ̀. Gbogbo wa di kàmáráàdì, bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn. Wọ́n gba ilé ìwé mísọ̀n, àwọn sístà sì kó ẹrù wọn lọ. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní dẹlẹgé tí ń pàṣẹ. Wọ́n sọ fún wa pé ẹ̀sìn ni ó ń mú kí orí aráyé dàrú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí a bẹ̀rẹ̀ sí í wá àjẹ́ kiri, wọ́n ní àwọn ni ọ̀tá ìlọsíwájú. Ẹ bá mi wò ó. Ìjọba tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, ó gba àjẹ́ gbọ́. Wọ́n ń kó àwọn ìyá àgbà, wọ́n ń dá wọn dúró níwájú èrò, wọ́n ń ní kí wọ́n jẹ́wọ́. Ẹni tí ó bá ti darúgbó, tí ó bá tún jẹ́ opó, kí ó yáa máa ṣọ́ra bí ó ṣe ń rìn.

Ní ọdún kan nínú àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ìgbìmọ̀ pàṣẹ pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní Titirou gbin irúgbìn igi sínú agolo, kí a lè lọ tò wọ́n sí ẹ̀bá títì nígbà òjò tó ń bọ̀. Àwọn yòókù mú tíìkì. Ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa ní kí ìyá mi yàn fún wọn, ó sì yan apá nítorí ọkọ rẹ̀. A kó èso rẹ̀ jọ, dúdú tí ó ń dán, tí ó dé fìlà pupa lórí. A gbin wọ́n sínú agolo tòmátò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n hù. Èso apá sanra, oúnjẹ ń bẹ nínú rẹ̀ tí ọmọ igi yóò kọ́kọ́ jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí oúnjẹ ìyá tán, wọ́n dúró lójú kan. Ewé wọn pọ́n. A bomi rin wọ́n, a fi ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí i, wọ́n ń pọ́n sí i ni.

Èmi ni mo rántí ohun tí sístà kan sọ fún wa ní kíláàsì. Ó ní nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kó igi páìnì wá sí ilẹ̀ Áfíríkà, gbogbo rẹ̀ ló ń pọ́n, tí ó ń rù, títí tí ẹnì kan fi bu ilẹ̀ díẹ̀ wá láti ìdí páìnì tó ti dàgbà níbòmíràn. Wọ́n fi ilẹ̀ yẹn sí i, ni igi bá bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ó ní irú olú kan ń gbé inú ilẹ̀ náà, òun àti gbòǹgbò igi ni wọ́n jọ ń gbé. Olú tí a ń rí lókè tí a ń ṣà sínú ọbẹ̀, èso lásán ni. Ara rẹ̀ gan-an wà nísàlẹ̀, ó tín-ínrín bí òwú, ó sì gùn jìnnà ju gbòǹgbò lọ. Ó ń wá omi àti ohun aṣaralóore inú ilẹ̀ lọ síbi tí ọwọ́ gbòǹgbò kò lè tó, ó ń gbé e wá fún igi. Igi náà sì ń fún un nínú oúnjẹ tí ewé rẹ̀ fi oòrùn sè. Kò sí ẹni tó rẹ́ ẹnì kejì jẹ nínú wọn. Mo rántí pé a rẹ́rìn-ín ní kíláàsì lọ́jọ́ náà, a ní ṣé olú náà ń san owó ilé ni.

Mo sọ fún ìyá mi. Ó ní, "Ìdí apá ńlá tó wà lẹ́yìn àdúgbò Banikanni, níbi tí mo ti máa ń ṣa olú nígbà òjò, ṣé irú rẹ̀ nìyẹn?"

Mo ní, "Mo rò pé irú rẹ̀ ni, Màmá."

Ó ní, "Nígbà náà, màá lọ bù ú."

Báyìí ni ó ṣe ń lọ. Yóò jí kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí oòrùn má baà gbẹ ilẹ̀ náà. Yóò bù ú sínú bàsíà, yóò fi aṣọ funfun bò ó, yóò rù ú wá síbi àwọn agolo wa, a ó sì fi sí ìdí àwọn ọmọ igi náà. Ohun kan sì wà tí gbogbo ẹni tó mọ ìyá mi mọ̀. Bí ó bá ń rìn nìkan, rósárì ni ó máa ń kà, bí ó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ rósárì, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí yóò fi parí rẹ̀. Láti kékeré ni ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ilé, àwa ọmọ rẹ̀ mọ̀ pé bí ẹnu rẹ̀ bá ń mì, kí a dúró. Ṣùgbọ́n ní àárín Yorùbá, ta ni kì í dá ìkíni lóhùn? Ọlọ́ṣà gan-an ń dáhùn.

Láàárín oṣù díẹ̀, ewé apá wa ṣú. Tíìkì àwọn ẹgbẹ́ yòókù kò tó wọn lẹ́wà. Bí mo bá yọ ọ̀kan nínú agolo, màá rí i pé orí gbòǹgbò kéékèèké rẹ̀ ti wọ nǹkan funfun bí ìbọ̀sẹ̀, tí òwú tín-ínrín sì ń ti ibẹ̀ wọ inú ilẹ̀ lọ. Mo máa ń pe ìyá mi kí ó wá wò ó, òun náà á máa wò ó, á máa rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹni tó dá èyí, kò gbàgbé nǹkan kan."

Ìyá oníkókó kan wà ní ìkóríta wa, tí ó máa ń se ẹ̀kọ mímu tà ní kùtùkùtù. Ó kí ìyá mi lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kíní, ó kí i lẹ́ẹ̀kejì, ìyá mi kò dáhùn. Ó rí obìnrin opó tí ó ń bọ̀ láti ìdí apá ní ìdájí, tí ẹnu rẹ̀ ń mì, tí ó ru nǹkan tí ó fi aṣọ funfun bò. Gbogbo Yorùbá ló mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa igi apá, pé ibẹ̀ ni àwọn àgbà òru ń pàdé. Oníkókó lọ sọ fún ìgbìmọ̀.

Wọ́n pe ìyá mi sí ìpàdé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àwọn agolo náà wà. Gbogbo àdúgbò ló wá. Dẹlẹgé wa kì í ṣe àjèjì sí wa rárá, ọ̀dọ́mọkùnrin tí èmi àti ẹ̀ jọ gba Kọmúníọ́nù àkọ́kọ́ ni. Ó jẹun nílé wa lọ́jọ́ Kọmúníọ́nù náà.

Ó ní, "Kàmáráàdì ìyá, kí ni ẹ ń rù bọ̀ ní ìdájí?"

"Ilẹ̀ ni."

"Ilẹ̀? Ṣé ilẹ̀ tán ní Titirou ni?"

Èrò rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ní, "Ilẹ̀ wà ní Titirou. Ẹ ti gbá a, ẹ ti sun ewé orí rẹ̀ títí ó fi kú. Èyí tí mò ń rù bọ̀ ṣì wà láàyè."

"Ẹ ti gbọ́," ni dẹlẹgé wí. "Ó ní ilẹ̀ tó wà láàyè! Kí ló dé tí ẹ kò dá ìyá oníkókó lóhùn?"

"Màríà ni mò ń kí lọ́wọ́. Ṣé kí n fi Ìyá Olúwa sílẹ̀ lójú ọ̀nà kí n máa kí oníkókó?"

Oníkókó fò dìde. "Ẹ gbọ́ o! Ó ní èmi kò tó Màríà!"

"O tó o ni?" ni ìyá mi bi í.

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi ń lu ara wọn léjìká. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ rọlẹ̀, ni mo bá dìde. Mo ní èmi ni mo ní kí ó bù ú, mo sì ṣàlàyé bí sístà ṣe ṣàlàyé fún wa. Mo yọ ọmọ igi kan jáde nínú agolo, mo gbé e sókè kí wọ́n rí gbòǹgbò rẹ̀.

Ariwo sọ. "Òwú! Ẹ wo òwú!" "Wọ́n ti fi òwú dè é!" Ẹni tó wà níwájú sá sẹ́yìn, ó tẹ ọmọ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Dẹlẹgé pẹ̀lú sá. Ẹni tí ó ń kọ́ wa lójoojúmọ́ pé kò sí ẹ̀mí kankan, ohun tí a bá fọwọ́ kàn nìkan ló wà. Mo nà án sí i kí ó fọwọ́ kàn án. Ó fi ọwọ́ sí àpò.

Ó bi mí pé, "Ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

"Sístà ni, ní kíláàsì."

"Àwọn amúnisìn. Ó dára. Àjẹ́ òyìnbó ti darapọ̀ mọ́ ti ilé."

Mo wo ẹ̀yìn, mo ń wá katikísì wa, olùkọ́ ẹ̀sìn ìjọ. Mọ̀npẹ́, àlùfáà ìjọ wa, ń lọ láti ìjọ dé ìjọ, kì í sábà sí nílé, katikísì yìí ni ó ń bójú tó wa. Ó mọ ìyá mi. Ó ti gbọ́ rósárì lẹ́nu rẹ̀ ju bí ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀ lọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni a nílò lẹ́nu rẹ̀, kí ó ní: Kristẹni ni obìnrin yìí, àdúrà ni ó ń gbà. Mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́.

Ó dìde. Ó ní, "Ṣọ́ọ̀ṣì kò mọ ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ yẹn."

Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi. Ó tún ní kí àlàáfíà lè wà, kí a kó gbogbo ọmọ igi náà jáde nínú agolo, kí a da ilẹ̀ wọn nù, kí a fi omi mímọ́ fọ gbòǹgbò wọn. Inú dẹlẹgé dùn. Ó ní òun kò mọ̀ nípa omi mímọ́, ṣùgbọ́n ìmọ́tótó bá ìlànà mu. Ṣọ́ọ̀ṣì àti ìjọba, tí wọn kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ohunkóhun láti ìgbà tí wọ́n ti gba ilé ìwé wa, wọ́n fohùn ṣọ̀kan lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní ìyá mi ni yóò kọ́kọ́ fọ̀, kí ó máa wí báyìí pé, "Ohun tí mo fi sí i, mo ti mú un kúrò." Bí ó bá ti wí bẹ́ẹ̀, kí ó máa lọ sílé.

Ìyá mi wo omi inú garawa tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá fọ̀ ọ́, mo ti jẹ́wọ́ nìyẹn."

Dẹlẹgé ní, "Ẹ kàn fọ̀ ọ́ ni, Màmá." Ó ti gbàgbé kàmáráàdì.

"Ilẹ̀kùn tí ẹ ń gbà wọ ṣọ́ọ̀ṣì, apá ni. Ẹ lọ fọ òun náà. Èmi kò fọ nǹkan kan."

Wọ́n mú un lọ sí ilé àwọn sàǹdáàmù, ọlọ́pàá ìjọba, wọ́n sì tì í mọ́bẹ̀. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ìjọ wa ni ó fọ igi náà, àwọn tí òun àti wọn jọ gbìn wọ́n. Mo dúró, mo wò ó tán. Wọ́n ń fi àtàǹpàkò bó ìbọ̀sẹ̀ funfun yẹn kúrò lórí gbòǹgbò, bí ẹni ń bó èèpo ẹ̀wà, omi náà sì ṣú bí ilẹ̀ oko. Ọ̀kan nínú wọn ń kọrin Ẹ̀mí Mímọ́ bí ó ṣe ń fọ̀ ọ́. Wọ́n da omi náà sí gọ́tà.

Mo gbé oúnjẹ lọ fún ìyá mi. Sàǹdáàmù tó ń ṣọ́nà, ará Bàrùbá kan, bi mí ní èdè Faransé pé kí ni ìyá àgbà náà ṣe. Mo ní ó bu ilẹ̀.

"Ilẹ̀ ta ni?"

"Ilẹ̀ inú igbó ni. Kò ní olówó."

Ó yẹ̀ mí wò. Ó tún wo ìyá mi tó jókòó sórí ilẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ ń mì. Ó ní, "Ṣé nítorí ilẹ̀ ni mo ṣe ń ṣọ́ ìyá àgbà báyìí?" Ó wọlé lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ sí i tí wọ́n fi ní kí ìyá mi máa lọ. Wọn kò dá a láre, wọn kò dá a lẹ́bi. Wọ́n kàn ní kí ó máa lọ.

Òjò dé, wọ́n to àwọn apá náà sí ẹ̀bá títì, pẹ̀lú orin àti ìlérí ìyípadà. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Kí ọyẹ́ tó parí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti gbẹ, àwọn tó kù kò sì ga ju kókósẹ̀ lọ. Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n ní inú ló bí ìyá mi, òun ló fi àjẹ́ pa wọ́n. Nígbà tí igi tutù, àjẹ́ ni. Nígbà tí igi kú, àjẹ́ náà ni. Kò sí ẹni tó bi garawa léèrè.

Ìyá mi padà sí ipò rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ǹṣì náà sì ṣófo lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀. Àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn sún. Nígbà tí a bá ní kí a fún ara wa ní àlàáfíà, ọwọ́ mi nìkan ni ó máa ń bọ̀. Mo ní kí a máa lọ sí ìjọ mìíràn, tàbí kí a padà sí Ṣábẹ̀. Ó ní, "Ṣé mo jalè ni tí màá fi sá? Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Kí ẹni tí ó ní òun kò mọ̀ wá sọ pé òun mọ̀."

Katikísì náà mọ ohun tí ìyá mi fẹ́. Ó wá sí ilé wa, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀yìnkùlé ni ó máa ń gbà. Yóò jókòó, yóò gba omi mu, yóò ní, "Ìyá, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin náà mọ bí ìgbà ṣe rí."

Ìyá mi á ní, "Mo ti dárí jì yín láti ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n iwájú èrò ni ẹ ti fọ igi mi. Iwájú èrò ni kí ẹ ti sọ ọ́."

"Wọn á mú mi, ìyá."

"Wọ́n mú èmi náà. Oúnjẹ ibẹ̀ kò dáa, ṣùgbọ́n ẹnì kan kì í kú níbẹ̀ tí wọ́n bá ń gbé tirẹ̀ wá láti ilé."

Yóò rẹ́rìn-ín díẹ̀, yóò gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ọdún ń gorí ọdún. Ìyá mi ń darúgbó, ohun kan ṣoṣo tí ó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí ó má lọ kú sórí bẹ́ǹṣì òfìfo yẹn.

Nígbà tó yá, agbára ìjọba náà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Wọn kò san owó oṣù mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ kò bẹ̀rù mọ́, ẹnu àwọn ènìyàn là. Dẹlẹgé wa kó lọ sí ìlú mìíràn, kò kí ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìkéde, katikísì kò jókòó. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Faransé. Ó ní ní àwọn ọdún kan sẹ́yìn, àìgbọ́ra-ẹni-yé kékeré kan ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ.

Ìyá mi dìde. "Katikísì, Faransé yẹn kò wọ etí mi. Ẹ sọ ọ́ ní èdè tí oníkókó gbọ́."

Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Katikísì ní èdè wa pé, "Mo ní àṣìṣe kan wà."

"Àṣìṣe ta ni?"

"Àṣìṣe mi," ni katikísì wí.

"Kí ni mo rù?"

"Ilẹ̀ ni, ìyá."

"Kí ni mo ń kà lẹ́nu?"

"Rósárì ni."

"Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà?"

Ó tẹrí ba. "Mo mọ̀ ọ́n."

"Ó tán," ni ìyá mi wí, ó sì jókòó.

Kí ni ìjọ ṣe? Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n kọrin. Nígbà tí a jáde, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ń bọ katikísì lọ́wọ́, wọ́n ń kí i pé ó kú ìrẹ̀lẹ̀, pé ènìyàn ńlá ni ó ń jẹ́wọ́ àṣìṣe. Obìnrin tó kọrin Ẹ̀mí Mímọ́ lórí garawa ń nu omijé. Ẹnì kan kò bọ ìyá mi lọ́wọ́. Ó dúró nínú oòrùn, ó ń wá bàtà rẹ̀ láàárín bàtà tí èrò bọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ padà wọlé lọ pariwo. Ó di apá mi mú.

Ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́. Mo ti gbọ́ tèmi."

Òun ti gbọ́ tirẹ̀. Èmi kò tíì gbọ́ tèmi, nítorí ohun tí wọ́n ṣe fún un kì í ṣe àṣìṣe, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin kan ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, ọmọ náà sì ń fa ìlẹ̀kẹ̀ rósárì rẹ̀ jẹ. Ìyá mi kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń ka àdúrà rẹ̀ lọ láti apá kejì ìlẹ̀kẹ̀ náà.

Ìwọ tí o ka ìwé yìí dé ìhín, kí Ọlọ́run bù kún ọ. Kí ó má jẹ́ kí o jókòó nìkan nínú ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá fi irọ́ mọ́ ọ, kí ẹni tó mọ òtítọ́ rẹ má ní òun kò mọ̀ ọ́n. Bí ó bá sì jẹ́ ìwọ ni o mọ òtítọ́ ẹlòmíràn, kí ó fún ọ ní ẹnu láti sọ ọ́ ní ọjọ́ náà gan-an, ní gbangba, ní èdè tí gbogbo èrò gbọ́. Àmín.